Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi òróró àlòkù ṣe: ohun tí ojú fáànù mi rí láàárín oṣù méjìdínlógún

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ. Nínú márùn-ún, mo fún epo yìí ní mẹ́rin, mo fún ẹni tó ń tà á ní mẹ́ta, èmi fúnra mi tí mo rà á ni mo fún ní méjì, torí ìdajì nínú wàhálà tí mo rí, ọwọ́ ara mi ló ti wá.

Chatham ni mò ń gbé, ní Kent. Fáànù tí mò ń wà, Volkswagen Transporter ọdún 2006 ni, ẹ́ńjìnì 1.9 tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ó ti rin ju máìlì 180,000 lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ eléyìí, òun ni mo fi ń gbé gàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti iṣu kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù wa láti Gravesend dé Southend. Bíi 70 lítà ni mò ń jó lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń jó 70 lítà lọ́sẹ̀ nílùú yìí, tí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé epo kan wà tó fi 20 pẹ́ǹsì dín sí ti pọ́ǹpù lórí lítà kan, kò ní kọ etí ikún sí i, kò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Gillingham ni mo ti gbọ́ nípa rẹ̀. Bọ̀dá kan tó ń wa táksí wà níbẹ̀, a ń sọ̀rọ̀ owó epo bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́, ni wọ́n bá fà mí jáde, wọ́n sítáàtì ọkọ̀ wọn, wọ́n ní kí n lọ dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà kí n gbóòórùn ẹ̀. Mo ní "Bọ̀dá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o." Wọ́n ní kí n ṣáà lọ. Mo lọ. Ẹ̀yin ará, dòdò ni! Bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dòdò kúrò lórí iná nílé kejì, kì í ṣe òórùn dísẹ́ẹ̀lì tó máa ń gún èèyàn nímú yẹn rárá. Wọ́n ní òróró tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi dín ẹja àti ṣípù ni wọ́n fi ṣe é, pé ọkùnrin kan wà tó ń gbé e wá sílé fúnni nínú kẹ́ẹ̀gì 20 lítà. Mo gba nọ́ńbà ẹ̀ kí n tó jẹ ìrẹsì mi tán.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ rí. Wọ́n á kó òróró àlòkù jọ, wọ́n á sẹ́ ẹ kí èérún ṣípù àti ẹja lè kúrò, wọ́n á gbé e kaná kí omi inú ẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á da mẹtánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, tí wọ́n ti yọ́ sódà sí mọ́ ọn, wọ́n á máa rò ó. Òróró náà á wá pín sí méjì: èyí tó fẹ́lẹ́ á wà lókè, òun là ń pè ní báyódísẹ́ẹ̀lì, gílísíríìnì tó ki tó sì dúdú á rọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n á fa gílísíríìnì yẹn kúrò, wọ́n á fi omi fọ èyí tó kù kí ọṣẹ àti sódà inú ẹ̀ lè jáde, wọ́n á tún gbẹ ẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí ni pé òróró lásán ki ju dísẹ́ẹ̀lì lọ ní bí ìlọ́po mẹ́wàá, nọ́súlù ò ní lè fọ́n ọn bí ìrì, kíkán ló máa máa kán, kò ní jó tán, á wá máa di èédú sí ẹnu nọ́súlù àti sára rín-ìn-gì inú ẹ́ńjìnì. Mo sọ èyí torí àwọn kan máa ń lọ ra òróró ní súpámákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n dà á sí táǹkì tààrà, tí ẹ́ńjìnì bá kú tán wọ́n á ní báyódísẹ́ẹ̀lì ò dáa.

Kì í ṣe nǹkan tuntun náà o. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ẹ́ńjìnì yìí, Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì ni, ní 1900 tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní Paris, ẹ́ńjìnì ẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́, ìjọba Faransé ló fẹ́ẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀pà tó ń hù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbà lè máa gbé ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀pà tiwa nìyẹn o. Nígbà tí epo rọ̀bì wá pọ̀ tó sì di olówó pọ́ọ́kú, wọ́n gbàgbé ẹ̀pà.

Ẹ máa rí i tí wọ́n bá kọ B pẹ̀lú nọ́ńbà. B100, báyódísẹ́ẹ̀lì lásán nìyẹn. B20, lítà 20 nínú 100 ni báyódísẹ́ẹ̀lì, dísẹ́ẹ̀lì gidi ni ìyókù. Ẹ lọ wo pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí ní Bìrìtìkó yìí, ẹ máa rí B7 lára ẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo wa ti ń jó o tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, ó lè tó 7 nínú 100. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun ò lè gbé irú epo bẹ́ẹ̀ sọ́kọ̀ òun, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì London náà, láàárín 2015 sí 2016 ni wọ́n ti gbé B20 sínú bíi ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, òróró àlòkù àti ọ̀rá ẹran ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Indonesia tí wọ́n ní ọ̀pẹ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ti dé B40 ní 2025, Brazil sì dé B15 ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ti ẹ̀wà sóyà ni tiwọn. Àwa ńkọ́? Ìjọba Nàìjíríà ti kọ ọ́ sínú ìwé láti 2007 pé B20 la máa máa lò. Inú ìwé náà ló ṣì wà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí fáànù.

Ọkùnrin yẹn gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wá lọ́jọ́ Sátidé, B100 ni, èmi ni mo máa pò ó fúnra mi. Kò ṣòro, ẹ kàn fi 10 lítà ẹ̀ sí táǹkì, kẹ́ ẹ wá lọ da 40 lítà dísẹ́ẹ̀lì lé e ní ilé epo, bó ṣe ń tú wọlé náà ni á ṣe máa pò ara ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mọ́, àwọ̀ epo náà dà bí oyin tó fẹ́lẹ́, ẹ lè fi ka ìwé ìròyìn láti òdìkejì ìgò. Mo fẹ́ràn bó ṣe kọ déètì sára kẹ́ẹ̀gì. Ó ní kí n má tọ́jú ẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ torí á bàjẹ́, á máa kan bí òróró tó pẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó sọ ìyẹn. Ohun méjì tí kò sọ ló wá gbé mi ṣubú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Ẹ́ńjìnì yẹn tó jẹ́ pé tí mo bá sítáàtì ẹ̀ ní kùtùkùtù á máa ró kọ́kọ́kọ́ bíi ti ilé alágbẹ̀dẹ, tí aládùúgbò mi á fi máa wo ojú fèrèsé, ariwo ẹ̀ wálẹ̀. Báyódísẹ́ẹ̀lì máa ń tètè gbaná ju dísẹ́ẹ̀lì lọ nínú ẹ́ńjìnì, torí ẹ̀ ni. Ó tún máa ń yọ̀, ó ń fi ìyọ̀ sí ara pọ́ǹpù àti nọ́súlù, èyí tó jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) kúrò lára ẹ̀ lóde òní ò fi bẹ́ẹ̀ ní mọ́. Mo ti ń pe àwọn èèyàn. Mo ti ń ṣe wòlíì epo.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo wà lórí M2, títì márosẹ̀, àpò gàrí ogójì àti páálí ẹja wà lẹ́yìn, mo tẹná, ọkọ̀ ò dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kàn ń fà bí ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta, 50, 40, 30, tírélà ń fọn fèrè sí mi látẹ̀yìn bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bọ́ sílẹ̀, mo kọjá irin ẹ̀gbẹ́ títì bí wọ́n ṣe ní kéèyàn máa ṣe, mo dúró nínú koríko nínú òjò fún wákàtí kan ó lé kí àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ tó dé. Àwọn oníbàárà mi ń pè. Mo pa fóònù.

Mẹkáníìkì mi ní Strood, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó tú fílítà epo, ó yí i dé orí abọ́ funfun kan, ó sì gbé abọ́ náà sí mi níwájú. Dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Ẹrọ̀fọ̀ wà nínú ẹ̀, nǹkan kan bí iyanrìn wà nínú ẹ̀. Mo ní "Ẹ rí i, epo burúkú ló tà fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe epo yín ló dọ̀tí o, táǹkì yín ló dọ̀tí."

Òótọ́ ló sọ. Báyódísẹ́ẹ̀lì ń fọ nǹkan bí ọṣẹ. Gbogbo ìdọ̀tí tí dísẹ́ẹ̀lì ti fi lẹ́ ara táǹkì àti páìpù láti 2006, ó bọ́ ọ kúrò, ó kó gbogbo ẹ̀ lọ sínú fílítà, fílítà wá dí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ó parí nìyẹn, táǹkì ti mọ́. Èmi pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, látìgbà náà kò tún dí lọ́nà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú náà tún rí i pé rọ́bà kékeré kan tó ń dá epo padà ti wú, ó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Àwọn rọ́bà àtijọ́ ò fẹ́ràn báyódísẹ́ẹ̀lì tó bá pọ̀, ó fi irú èyí tí wọ́n ń pè ní Viton rọ́pò ẹ̀, owó tó gbà lórí ìyẹn ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ fọkàn sí i o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ ra fílítà méjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra epo. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo pè é tí mo sì bínú, ó ní "mo rò pé ẹ mọ̀." Mo rò pé ẹ mọ̀ kẹ̀! Èmi tí mò ń ta gàrí.

Ní ti èéfín. Èyí tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Tí mo bá ń gun òkè Chatham Hill pẹ̀lú ẹrù tẹ́lẹ̀, mo máa ń rí èéfín dúdú nínú dígí ẹ̀gbẹ́, ojú a máa tì mí tí mo bá rí ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Pẹ̀lú B20 ó dín kù, kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù débi tí ojú rí i. Nígbà tí mo gbé e lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èéfín sọ 1.12 lọ́dún tó ṣáájú, lọ́tẹ̀ yìí ó sọ 0.61. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ti pààrọ̀ fílítà atẹ́gùn náà kí n tó lọ, nítorí náà ẹ má fi gbogbo ẹ̀ ṣírò fún epo. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ti kó ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ lórí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ńlá ní 2002, ohun tí wọ́n rí fún B20 ni pé èéfín dúdú dín kù ní bíi 10 nínú 100, afẹ́fẹ́ olóró CO dín kù ní 11, epo tí kò jóná tán dín kù ní bíi 21. Afẹ́fẹ́ olóró mìíràn, NOx, nìkan ló lé díẹ̀, bíi 2 nínú 100. Ẹni tó bá ń ta á fún yín tó ní kò sí nǹkan kan tó lé, ẹ rọra dá a lóhùn.

Ìdí tó fi ń jó dáadáa ni pé ọ́ksíjìn wà lára epo náà fúnra ẹ̀, bíi 11 nínú 100 ìwọ̀n ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ò ní in. Bí ẹní fẹ́ atẹ́gùn sí iná igi tó ń rú èéfín ni. Ọ́ksíjìn kan náà yẹn ló fà á tí agbára inú ẹ̀ fi kéré díẹ̀. B100 lásán máa ń fi bíi 8 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ kéré sí dísẹ́ẹ̀lì, B20 ò ju bíi 1 sí 2 lọ. Fáànù mi ń rin bíi máìlì 38 lórí gálọ́ọ̀nù kan tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú B20 mi ò rí ìyàtọ̀ tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà sí, ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lójú títì gan-an máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo dé B50 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mò ń dé ilé epo lọ́jọ́ Fúráìdé dípò Sátidé.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má rò pé epo yìí á gbà yín lọ́wọ́ ULEZ o, ìyẹn owó tí London ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ pọ̀. Ọdún ọkọ̀ àti irú ẹ́ńjìnì ni London ń wò, dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ dé ìpele èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 6, tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ tí mo bá gbé ẹrù lọ Peckham 12.50 pọ́ùn ni. Mo lè máa fi omi àdúrà wa ọkọ̀, 12.50 pọ́ùn ni. Kámẹ́rà ò gbóòórùn dòdò.

Wàyí o, oṣù kìn-ín-ní. Ojúkòkòrò ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ níbí. Torí pé ó rọjú, mo ti kúrò ní B20, mo lọ sí B30, ìgbà tó di oṣù kejìlá mo ti wà ní B50, ẹnikẹ́ni ò gbà mí nímọ̀ràn, èmi àti owó tó ń ṣẹ́kù ni. Lọ́jọ́ kan aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ìta ti funfun, òtútù ti wọ 4 lábẹ́ òdo, mo sítáàtì fáànù, ó kọ́, ó kú. Mo tún un ṣe. Ó wú, ó kú. Bátìrì ti ń rẹ̀ ẹ́. Mo ṣí iwájú, mo fi ọwọ́ tó ti kú tú fílítà, mo sì fi iná fóònù wò ó.

Òrí ni. Mo búra, òrí gidi. Ó funfun, ó dì, mo fi ìka kàn án ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ gẹ́lẹ́ bí òrí tí màmá mi máa ń fi pa wá lára nígbà ọyẹ́. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wo ìka mi.

Gbogbo ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ kàn rántí ìgò epo pupa tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín ní oṣù kìn-ín-ní, tẹ́ ẹ máa ń gbé sínú omi gbígbóná kó lè tú. Òróró tí wọ́n fi ṣe báyódísẹ́ẹ̀lì ló ń sọ bó ṣe máa ṣe nínú òtútù. Èyí tí wọ́n fi òróró rapeseed ṣe, ìyẹn òdòdó yẹ́lò tó ń bo oko káàkiri Kent lóṣù karùn-ún, á gba òtútù tó wọ abẹ́ òdo díẹ̀. Èyí tó wá láti ọ̀pẹ tàbí ọ̀rá màlúù, láti bíi 13 sí 16 lókè òdo ló ti ń ṣú. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ṣì ń fi ọ̀rá màlúù dín ṣípù wọn, wọ́n ní ó dùn jù, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì mi ti wá. Dísẹ́ẹ̀lì ilé epo, wọ́n ti máa ń tún un ṣe fún òtútù láti àárín oṣù kọkànlá sí àárín oṣù kẹta, ìyẹn ló jẹ́ kí B20 lè dúró, ṣùgbọ́n B50 ti èmi alágídí, kò sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀.

Mo gbé kẹ́tù omi gbígbóná jáde lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń rọra dà á sí ara fílítà àti páìpù, ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà nínú rọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, èyí tó burú ju kó sọ̀rọ̀ lọ. Aago mẹ́jọ kọjá kó tó wú. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Gravesend ti ra iṣu lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Èyí ni ohun kejì tí ọkùnrin yẹn ò sọ. Mo gbà pé èmi ni mo gbé e dé B50, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rá màlúù wà nínú epo tó ń tà fúnni lóṣù kejìlá, ó yẹ kó kọ ọ́ gàdàgbà sára kẹ́ẹ̀gì. Ohun tó jẹ́ kí n fún un ní mẹ́ta dípò kan ni pé nígbà tí mo pè é kò bá mi jà, ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì méjì náà padà, ó dá owó mi padà, ó sì ti ń ṣe ti òtútù lọ́tọ̀ báyìí, rapeseed nìkan. Ó tún kọ́ mi bí mo ṣe lè yẹ epo wò fúnra mi, ìyẹn wúlò ju owó tó dá padà lọ.

Ti àkọ́kọ́, mẹtánọ́ọ̀lù mílílítà 27 nínú ìgò kékeré, ẹ kán báyódísẹ́ẹ̀lì mílílítà 3 sí i, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá yọ́ pátápátá tí kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀, ó ti jinná. Tẹ́ ẹ bá rí òróró tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ojú ẹja, òróró tútù ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ má dà á sí táǹkì. Májèlé ni mẹtánọ́ọ̀lù o, ó ń fọ́ ojú, ẹ má ṣe é nílé ìdáná, ẹ má fi ọmọdé sí i. Ti ìkejì, ẹ da omi àti epo náà ní ọgbọọgba sínú ìgò, ẹ mì í gan-an: èyí tó dáa á tètè ya ara ẹ̀ kúrò lára omi, èyí tí ọṣẹ ṣì wà lára ẹ̀ á funfun bí wàrà á sì wà bẹ́ẹ̀. Ti ìkẹta, ìyá yín ti kọ́ yín: ẹ fi díẹ̀ sínú páànù kan níta, ẹ rọra mú un gbóná, tó bá ń ta pàràpàrà, omi wà níbẹ̀.

Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ tuntun, ẹ dúró ná. Èyí tó bá ní DPF, asẹ́ tó ń gba èéfín dúdú nínú sàlẹ́ńsà, tó bá ti kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń tú epo díẹ̀ sí i nínú ẹ́ńjìnì kí asẹ́ lè gbóná kó jó ìdọ̀tí ẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì á fẹ́ lọ nínú ooru yẹn, báyódísẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ tán, á máa ṣàn sísàlẹ̀ lọ bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní fáànù 2015, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dòdò lẹ́nu mi ó sì ra B30, lẹ́yìn oṣù méjì ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, ọ́ìlì ti gun òkè ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ́ìlì tó ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan dà á sí i, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá á sọ iye tó lè gbà, B7 ni ọ̀pọ̀ wọn máa sọ.

Àwọn kan á ní kí n lo HVO. Mo ti lò ó, lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òtútù yẹn. Òróró náà ni, ṣùgbọ́n háídírójìn ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe mẹtánọ́ọ̀lù, kò ní ọ́ksíjìn nínú, kì í dì bí òrí, kì í wú rọ́bà, ó lè pẹ́ nílẹ̀. Kò ní òórùn kankan. Lójú tèmi ó dáa ju báyódísẹ́ẹ̀lì lọ àyàfi owó, ó wọ́n ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ torí 20 pẹ́ǹsì, kí ni mo ń wá níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe búrẹ́dì ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, jẹnẹrétọ̀ ńlá ló ń gbé iṣẹ́ wọn, owó dísẹ́ẹ̀lì sì ti fẹ́ẹ́ lé wọn kúrò nídìí ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní "Ṣé n lè da òróró sí i lónìí?" Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dán an wò, nọ́súlù yín á kú." Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Òtútù ò ní dààmú wọn níbẹ̀, bóyá ọyẹ́ ìdájí nìkan, tó bá jẹ́ ti ọ̀pẹ ni wọ́n lò ní pọ̀. Ohun tó máa dààmú wọn ni omi tó máa ń wọ táǹkì lásìkò òjò, báyódísẹ́ẹ̀lì ń fa omi mọ́ra ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, àti táǹkì tí wọn ò tíì fọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti ra jẹnẹrétọ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní "Níbo lẹ ti ń rí òróró àlòkù yẹn gan-an?" Mo ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹja, wọ́n máa ń dà á nù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní alákàrà wo ní Mọ́níyà ló máa da òróró nù, pé òróró ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń fi dín ti Jímọ̀, kì í ṣẹ́kù fún jẹnẹrétọ̀. Mi ò rí èsì fún ìyẹn, torí òótọ́ ni. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ ra òróró tuntun tó yẹ ká fi se ọbẹ̀ kí wọ́n sì fi jóná, mi ò ní ti irú ẹ̀ lẹ́yìn.

Mo ti padà sí B20 báyìí, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, tó bá ti di oṣù kọkànlá mo máa ń jó ti ilé epo lásán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe ọkùnrin yẹn pé kó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ló ti ń béèrè pé ìgbà wo ni mo pààrọ̀ fílítà gbẹ̀yìn.